Ṣíṣan omi ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì kámpà àtijọ́, láti rèdíétọ̀ dé híità ẹ̀yìn

Bọ́ọ̀sì kámpà kì í rìn lójoojúmọ́ bí ọkọ̀ tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ó lè dúró sójú kan fún oṣù mẹ́jọ kí ìsinmi tó dé, kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá rántí rẹ̀, ẹrù ilé odindi ni wọn yóò dì sínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, omi mímu, ọmọ, ajá. Wọn yóò sì dojú rẹ̀ kọ òkè. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ìgbóná inú dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa ń gun òkè ṣáájú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Rèdíétọ̀, àpótí tí afẹ́fẹ́ ti ń tu omi ẹ́ńjìnì, ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti rí lára ọkọ̀ tèmi àti tàwọn ọ̀rẹ́, ohun méjì ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. Èkíní ni omi àtijọ́ tó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, tí kò jáde nígbà tí wọ́n ní àwọn ti dà á nù. Èkejì ni afẹ́fẹ́ tó gba ipò omi nígbà tí wọ́n ń rọ tuntun. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń lé méjèèjì jáde ti mọ iṣẹ́ náà. Ìyókù, sípánà àti sùúrù ni.

Ibi tí kámpà ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ kékeré

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré máa ń gba nǹkan bíi lítà 5 sí 7. Rèdíétọ̀ rẹ̀ wà níwájú ẹ́ńjìnì gan-an, họ́ọ̀sì ńlá méjì ló so wọ́n pọ̀. Ẹ wá wo Volkswagen T3 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1979. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tó ń lo omi, tí wọ́n ń pè ní wasserboxer, dé ní ìparí 1982. Ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, rèdíétọ̀ wà níwájú, ọ̀pá omi méjì sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní híità tó ń fi omi ẹ́ńjìnì mú inú ọkọ̀ gbóná lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún ní òmíràn lábẹ́ àga ẹ̀yìn.

Kí ẹni tó ní Fiat Ducato tàbí Ford Transit, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú, má rò pé òun ti bọ́. Àwọn tó sọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di kámpà sábà máa ń fa họ́ọ̀sì láti ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn, yálà fún híità kejì, tàbí fún táǹkì tí ooru ẹ́ńjìnì fi ń mú omi ìwẹ̀ gbóná. Họ́ọ̀sì yẹn lè ga, kó rọlẹ̀, kó tún ga, bí ejò tó ń gba orí ebè kọjá. Níbi tó bá ga, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀. Níbi tó bá rọlẹ̀, ìdọ̀tí á silẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú sípánà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ tọ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, kí ẹ yà á sórí bébà, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Ẹ má gbára lé ìwé ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó sọ ọkọ̀ yín di kámpà kò bi àwọn tó ṣe ọkọ̀ léèrè kó tó lu ihò sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣé fífọ ló nílò lóòótọ́?

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ omi sí i, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí omi náà bá mọ́ gaara, tó ṣì ní àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, dídà á nù àti rírọ tuntun ti tó, kò nílò oògùn. Bó bá pọ́n bí omi amọ̀, irin ti ń dógùn-ún nínú lọ́hùn-ún. Bí èérí funfun bá gan mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ti ìdí kẹ́tùlù, omi líle ni wọ́n ti ń rọ sí i láti ọjọ́ yìí. Bí ohun tó dà bí òrí bá sì léfòó lójú omi, epo ti bá omi pàdé níbì kan. Ẹ má tíì fọ nǹkan kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti pàdé ná.

Ẹ tan ẹ́ńjìnì náà nígbà tó ṣì tutù, kí ìdérí wà ní ṣíṣí. Ìfófòó díẹ̀ tó jáde tó sì dáwọ́ dúró kò burú. Bó bá ń hó jáde láìsinmi nígbà tí omi kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tí ẹ bá dé ìdérí tí họ́ọ̀sì òkè sì le gbandi láàárín ìṣẹ́jú kan, èéfín inú ẹ́ńjìnì ló ń gba ojú gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ibi tí irin méjì ti pàdé, wọ inú omi. Kò sí fífọ tó lè wo ìyẹn sàn. Ti wasserboxer tún ní tirẹ̀: kúláǹtì (omi ẹ́ńjìnì tó ní oògùn tó ń dènà dídì àti ìpáarà) tó ti gbó máa ń jẹ alumíníọ̀mù orí ẹ́ńjìnì níbi tí rọ́bà tó dí omi jókòó sí, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ra ọkọ̀ yìí ló ń bá gbèsè ẹni tó kọ̀ láti pààrọ̀ kúláǹtì pàdé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ohun èlò onílílẹ̀fòó tí wọ́n fi ń wọn kúláǹtì. Bóyá omi yín á dì nínú òtútù ló ń sọ. Kò mọ̀ bóyá oògùn tó ń dènà ìpáarà ṣì wà níbẹ̀. Oògùn yẹn ń tán bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ọkọ̀ ìbáà rìn, ìbáà má rìn. Kúláǹtì àtijọ́ aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, ọdún 2 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Àwọn tuntun tó pọ́n tàbí tó ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n sábà máa ń kọ ọdún 5 sára wọn. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n rọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ kà á sí pé ó ti pé.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Ọpọ́n fẹ̀ǹfẹ̀ méjì, àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ike ńlá tí wọ́n sàmì lítà sí lára, àrọ, sípánà, sìkúrúdíráfà, ọ̀bẹ tó mú, họ́ọ̀sì omi ilé, àkísà púpọ̀. Ẹ ra tàmósítátì tuntun (fáàfù kékeré tó ń ṣí ọ̀nà rèdíétọ̀ fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná) pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìdérí tuntun, àti kílíìpù họ́ọ̀sì mélòó kan. Ẹ ra kúláǹtì tí wọn kò tíì bu omi là. Mo tẹnu mọ́ èyí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ sì wá omi dísítíìlì tó pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì. Ásíìdì bátìrì kọ́ o! Ẹ ka ara ike náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ má fara pa

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Omi tí ìdérí tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbóná kọjá 100°C láìhó. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá tú ìdérí náà, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan, á sì bú sí yín lójú. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú láìyọwọ́. Kódà nígbà náà, ẹ fi àkísà bo ìdérí kí ẹ tó rọra yí i.

Ẹ tú wáyà òdì bátìrì kúrò. Fáànù oníná tó wà nídìí rèdíétọ̀ ọkọ̀ mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa kọ́kọ́rọ́, kò sì ní béèrè pé ìka ta ni. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ẹ gbé e ka orí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un, kì í ṣe orí jáàkì lásán. Kámpà wúwo ju bí ojú ṣe rò lọ, pàápàá bí táǹkì omi rẹ̀ bá kún.

Gláíkọ́ọ̀lù inú kúláǹtì dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ènìyàn. Ajá, ológbò àti ọmọdé lè lá a. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wà nínú ọpọ́n, ẹ má fi sílẹ̀ lọ jẹun.

Dídà á nù

Ẹ yí ìdarí híità sí ìgbóná pátápátá, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí fáàfù wọn lè ṣí. Àwọn tó gbàgbé èyí pọ̀, wọ́n á sì dá omi híità sí inú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbé ọpọ́n síbi tí rèdíétọ̀ ti rẹlẹ̀ jù, kí ẹ tú bóòtù ìdànù rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ tú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Bóòtù onírọ́bà tàbí oníke tó ti pẹ́ lè kán lọ́wọ́ yín; bó bá le, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ lo họ́ọ̀sì.

Họ́ọ̀sì tó ti gan mọ́ ẹnu ọ̀pá, ẹ má fipá lọ́ ọ, àgàgà èyí tó wọ híità. Ẹnu ọ̀pá híità jẹ́ bàbà tàbí alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá ya, ẹ ó tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi ọ̀bẹ la họ́ọ̀sì náà ní gígùn, kí ẹ ṣí i bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Họ́ọ̀sì tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ híità tuntun.

Lẹ́yìn rèdíétọ̀, ó ku ara ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ní bóòtù ìdànù lára bílọ́ọ̀kù, omi púpọ̀ sì ń dúró níbẹ̀ bí ẹ kò bá tú u. Bó bá tú tí nǹkan kan kò sì jáde, ẹ má tíì yọ̀. Ìpáarà ló dí i. Ẹ fi wáyà rọra tọ́ ọ, ẹ ó rí i tí ẹrẹ̀ á fi tú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àwọn ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tú wọn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì tú họ́ọ̀sì híità kejì.

Ẹ wọn ohun tó jáde. Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, òun gan-an sì ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní lítà 16, tí ẹ sì rí lítà 9 nínú ọpọ́n, lítà 7 ṣì wà níbì kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ da kúláǹtì àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba epo ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sílẹ̀.

Oògùn ìfọ̀, bó bá yẹ

Bí ohun tó jáde bá mọ́, ẹ fo apá yìí. Bó bá jẹ́ pupa tàbí ẹrẹ̀, ẹ so họ́ọ̀sì padà, kí ẹ rọ omi lásán sínú ọkọ̀ pẹ̀lú oògùn ìfọ̀ rèdíétọ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ẹ dá wáyà bátìrì padà. Tàmósítátì àtijọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ní báyìí, nítorí pé láìsí i, ẹ́ńjìnì lè má gbóná tó kí oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí híità wà ní ìgbóná, títí họ́ọ̀sì méjèèjì tó wọ rèdíétọ̀ fi gbóná. Ìyẹn ni pé tàmósítátì ti ṣí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún àkókò tí wọ́n kọ, kí ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ sì dà á nù.

Àwọn kan ń lo sítíríìkì ásíìdì, ìyẹ̀fun kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń jẹ ìpáarà àti èérí funfun dáadáa. Èmi kì í kọjá gíráàmù 25 fún lítà omi kan, n kì í sì í fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé bó bá ti jẹ èérí tán, alumíníọ̀mù ló kàn. Ásíìdì tó le ju ìyẹn lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ símẹ́ǹtì, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ epo ló wọ inú omi, tí ẹ sì ti tún ibi tó ti wọlé ṣe, ọṣẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ ìfọbọ́ ló dára, nítorí pé kì í hó. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọwọ́ fọ abọ́ á fi ìfófòó kún gbogbo ọ̀pá, ẹ ó sì fọ ọ́ títí sú.

Ohun kan wà tí oògùn kankan kì í sábà borí: oògùn dídí ihò tí ẹnì kan ti dà sínú rèdíétọ̀ nígbà kan rí. Ó máa ń kó jọ sínú àwọn ihò tóóró híità, ó sì ń le bí símẹ́ǹtì. Mo ra ọkọ̀ kan bẹ́ẹ̀. Híità rẹ̀ tutù bí imú ajá, mo fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo padà ra tuntun.

Yíyọ tàmósítátì àti ṣíṣan

Ní báyìí, ẹ yọ tàmósítátì kúrò, kí ẹ sì ti ilé rẹ̀ padà láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi omi tútù ṣan, yóò pa ọ̀nà dé, apá kan ẹ́ńjìnì kò sì ní rí omi.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù kí omi tútù tó kàn án. Irin gbígbóná tí omi tútù bá bá lójijì lè sán.

Ẹ ṣan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe é lápapọ̀. Ẹ tú họ́ọ̀sì méjèèjì kúrò lára rèdíétọ̀, kí ẹ ti họ́ọ̀sì omi ilé bọ ibi tí omi ń gbà jáde, ẹ fi àkísà dí àyíká rẹ̀, kí omi lè padà sẹ́yìn, kó jáde níbi tó ń gbà wọlé. Ìdọ̀tí tó ti ń tì ara rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò láti ọdún yìí wá kò ní gba ibòmíràn jáde ju ibi tó gbà wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún híità iwájú, fún híità ẹ̀yìn, fún ọ̀pá gígùn kọ̀ọ̀kan, fún ara ẹ́ńjìnì. Ẹ rọra ṣí ẹ̀rọ omi o. Híità àtijọ́ àti rèdíétọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ike kò lè gba agbára omi tó le.

Nígbà tí omi bá ń jáde tó mọ́ gaara, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi ọwọ́ gbá ara rèdíétọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fún họ́ọ̀sì rírọ̀ wọlé wọde. Ẹ ṣí omi padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kùrukùru pupa á tún jáde. Ẹ ṣe é títí kùrukùru náà kò fi ní wá mọ́. Ti ọ̀pá abẹ́ T3 gba ọkọ̀ mi ní ìgbà mẹ́fà.

Omi ẹ̀rọ lásán tó fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ fi omi dísítíìlì ṣe èyí tó kẹ́yìn, nítorí pé ohun tó bá kù sí kọ̀rọ̀ ni yóò bá yín gbé fún ọdún mélòó kan.

Bí ẹ bá ti dé ibí yìí, ẹ wo ìta rèdíétọ̀ náà. Kòkòrò, koríko àti iyanrìn máa ń dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ara rẹ̀. Ẹ fi omi wọ́n ọn láti ẹ̀yìn síwájú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀.

Táǹkì omi ìwẹ̀

Bí kámpà yín bá ní táǹkì tí ẹ́ńjìnì ń mú gbóná, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú rẹ̀, ọ̀pá ká bíríkítí. Kúláǹtì wà nínú ọ̀pá, omi tí ẹ fi ń wẹ̀, tí ẹ tilẹ̀ lè fi sè oúnjẹ, wà lóde rẹ̀. Irin tín-ín-rín ló dá májèlé àti omi yín sí méjì. Bí irin yẹn bá jẹ, wọ́n á pò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná sínú abọ́ funfun, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí kúláǹtì inú ẹ́ńjìnì bá sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò, tí ìta gbẹ, tí gáskẹ́ẹ̀tì dára, táǹkì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Họ́ọ̀sì, ìdérí àti tàmósítátì

Ẹ fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó rọ̀ bí ẹran inú, tó wú lẹ́nu, tàbí tó ń dún bí ewé gbígbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tàmósítátì tuntun náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó fi sí i. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, pẹ̀lú tẹmómítà, kó má kan ìdí ìkòkò. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, 82 tàbí 87 tàbí 88. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní tòsí ibẹ̀. Ó lè yà yín lẹ́nu pé tuntun náà máa ń bàjẹ́ láti inú páálí. Bó bá ní ihò kékeré tó ní píìnì, ẹ dojú píìnì náà kọ òkè, nítorí pé afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá.

Ìṣirò tó tàn mí jẹ

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, kúláǹtì tí wọ́n ti bu omi là ní ìdajì ni mo rà. Mo rọ ọ́ títí ó fi kún. Inú mi dùn. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò lágbára rárá. Mo bínú sí ẹni tó tà á fún mi, láìmọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ wò ó. Ọkọ̀ tó ń gba lítà 16, tí lítà 7 omi ìṣan ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀, lítà 9 péré ló kù tí ẹ lè rọ. Bí lítà 9 yẹn bá jẹ́ alábùlà, lítà 4 àbọ̀ kúláǹtì ló wà nínú rẹ̀. Nínú lítà 16, ìyẹn kò ju 28 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ pín lítà 16 sí méjì, kí ẹ rọ lítà 8 kúláǹtì tí kò lábùlà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì fi omi dísítíìlì kún èyí tó kù. Omi tó wà ní kọ̀rọ̀ ni yóò pé ìdajì kejì. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọn ohun tó jáde nìyẹn, tí mo sì ní kí omi ìkẹyìn jẹ́ dísítíìlì.

Ìdajì sí ìdajì kì í dì títí dé nǹkan bíi -37°C, ó sì ń pẹ́ kó tó hó ju omi lásán lọ. Ẹ má sọ pé bí ìdajì bá dára, gbogbo rẹ̀ á dára jù. Kúláǹtì tí kò lómi rárá máa ń dì ní nǹkan bíi -13°C, kì í sì í gbé ooru dáadáa bí omi.

Irú wo? Ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀. Kò sí òfin tó so àwọ̀ mọ́ irú kúláǹtì. Ẹlòmíràn lè fi àwọ̀ kan náà ṣe ohun mìíràn. Bí ẹ bá da irú méjì pọ̀, wọ́n lè dì bí ọ̀gì inú ọ̀pá. Wasserboxer fẹ́ èyí tí kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì. Ọkọ̀ tí rèdíétọ̀ rẹ̀ jẹ́ bàbà tí wọ́n fi òjé jó, èmi kì í rọ kúláǹtì ìgbàlódé sínú rẹ̀; èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn ni mo ń lò.

Lílé afẹ́fẹ́ jáde

Ibí ni ẹ ó ti lo sùúrù tí ẹ tọ́jú. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rọlẹ̀, ibi tó bá ga jù ló ń sá lọ. Bí ó bá há sí orí ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ á gbóná bí ààrò, abẹ́rẹ́ ìgbóná sì lè má mọ̀, nítorí pé inú omi ló yẹ kó wà, kò sì sí omi níbẹ̀.

Kí ẹ tó so họ́ọ̀sì ẹ̀yìn padà, ẹ fi àrọ rọ kúláǹtì sínú rẹ̀ láti ẹnu kan, kí ẹ gbé e sókè, títí yóò fi jáde lẹ́nu kejì, kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí lè gbà yín lọ́wọ́ wàhálà odindi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ní híità olómi tó ń dá ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa, irú ti Webasto tàbí Eberspächer, póòmpù rẹ̀ á bá yín ti omi kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu ibi tí ẹ ń rọ omi sí ga ju gbogbo ibi yòókù lọ. Fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú, ẹ gbé imú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó dagun, híità ní ìgbóná, kí ẹ tú àwọn bóòtù afẹ́fẹ́ tó wà lára họ́ọ̀sì tàbí rèdíétọ̀. Ẹ rọ díẹ̀díẹ̀. Bóòtù tó bá ń da omi jáde láìsí ìfófòó, ẹ dì í. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ máa fún họ́ọ̀sì ńlá, ẹ máa fi kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

T3 ní àṣà tirẹ̀. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì tú bóòtù tó wà lórí rèdíétọ̀, níwájú, lẹ́yìn abala òkè tí ẹ ó ti yọ. Ẹ rọ táǹkì kúláǹtì kún. Kí ẹlòmíràn tan ẹ́ńjìnì kó sì tẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bíi yíyí 2000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀yin máa rọ ọ́ láìjẹ́ kó gbẹ. Níwájú, bóòtù á kọ́kọ́ máa mí, á tutọ́, á sì wá ṣàn gbọrọrọ. Nígbà tó bá ṣàn tí kò mí mọ́, ẹ dì í. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹni tó dá a ṣe á máa sáré láti ẹ̀yìn síwájú bí ẹni tí oyin ń lé.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ẹ fọwọ́ kan híità iwájú àti ti ẹ̀yìn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́ ooru. Èyí tó tutù nígbà tí èkejì gbóná, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń fi omi fọ ẹnu, ohun kan náà ni. Ẹ dúró de fáànù pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ tan fúnra rẹ̀, kó tún pa fúnra rẹ̀, kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́

Ẹ rìn yípo ilé fún bí ìdajì wákàtí, kí ìgò omi wà nínú ọkọ̀, kí ojú yín wà lára abẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ má ṣí ìdérí. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìrìn mẹ́ta. Bó bá dúró sójú kan lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ ti tán. Bó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ wo ẹnu họ́ọ̀sì gbogbo, abẹ́ póòmpù omi, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti abọ́ funfun ọjọ́sí.

Ẹ tún àwọn kílíìpù tuntun dì, nítorí pé rọ́bà máa ń tẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Kí ẹ wá fi bírò kọ déètì àti irú kúláǹtì tí ẹ rọ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táǹkì rẹ̀.